Ìgò Nọ́ńbà Mẹ́tàdínláàádọ́ta

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é nírọ́. Igi dóńgóyárò tí Ràsáàkì da ẹ̀jẹ̀ náà sí nídìí ṣì wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn yẹn títí di àkókò tí mo ń kọ èyí. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Ó wà láàrin Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, ìyẹn náà tó. Àwọn ọmọ Ràsáàkì ṣì ń gbé ibẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa nàka sí wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo kọ. Èyí tí kò yé mi níbẹ̀, mo fi sílẹ̀ bí mo ṣe bá a.

Ràsáàkì ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún nínú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn náà. Lébìrà ni wọ́n gbà á sí. Ìgò ló ń fọ̀, ilẹ̀ ló ń gbá, omi ló ń pọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá níbẹ̀, bàbá kan tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀túndé, kì í fi iṣẹ́ pamọ́ fún ẹni tó bá ń wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ló kọ́ Ràsáàkì bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ lápá, àti bí wọ́n ṣe ń mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára èèyàn. Kò le. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sí ojú méjì lórí àwo funfun pẹlẹbẹ. Wọ́n á kán oògùn aláwọ̀ búlúù sí ọ̀kan, wọ́n á kán oògùn aláwọ̀ yẹ́lò sí èkejì, wọ́n á sì máa mì ín jẹ́jẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣù jọ nínú búlúù nìkan, A ni. Bó bá ṣù nínú yẹ́lò nìkan, B ni. Bí kò bá ṣù níbì kankan, O ni.

Ẹ̀jẹ̀ O ni ti Ràsáàkì. Ọ̀jẹ̀túndé fúnra rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ràsáàkì," ó ní, "ẹ̀jẹ̀ tìrẹ yìí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ta la fẹ́ fà á fún tí yóò kọ̀ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn dé egungun. Ẹ̀ẹ̀mejìlélógún ló ti fún èèyàn lẹ́jẹ̀. Pátákó dúdú kan wà lára ògiri tí wọ́n fi ẹfun kọ orúkọ àwọn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ nílùú sí. Orúkọ Ràsáàkì ló ṣíwájú, lẹ́tà O sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tóbi, ó rí róbótó. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, pátákó yẹn ló máa ń wò.

Ọ̀jẹ̀túndé ní èèwọ̀ kan. Ìgò ẹ̀jẹ̀ tí kò lórúkọ lára kò gbọdọ̀ dúró lórí tábìlì rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dànù lójú ọ̀nà Ṣakí, tí wọ́n gbé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ wá, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, Ọ̀jẹ̀túndé á gé pílásítà, á kọ ÀJÈJÌ sí i, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò kó tó gbé e kalẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ tí kò lórúkọ," ó máa ń wí, "ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ìgò rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé lọ sílé."

Kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ràsáàkì kò sì bi í.

Nígbà tí Ọ̀jẹ̀túndé kú, Ràsáàkì nìkan ló wà níbẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Àga ọ̀gá ló ń jókòó sí. Bó bá ń kọjá lọ́jà, àwọn ìyá á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Dókítà Ẹ̀jẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o." Lẹ́yìn náà ni Ayọ̀dèjì dé.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Ayọ̀dèjì. Ìbàdàn ló ti kàwé, ó sì gbé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ sára ògiri lọ́jọ́ tó dé. Aṣọ funfun ló ń wọ̀, wọ́n fi òwú pupa kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà rẹ̀. Ó jókòó sórí àga Ọ̀jẹ̀túndé láìbéèrè, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un pé àga ẹnì kan ni. Ràsáàkì padà sídìí ìgò fífọ̀. Ó ní láti máa pè é ní Ọ̀gá. Ó ní láti máa fi "ẹ" bá ọmọ tó lè bí sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ máa ń wúwo bó bá fẹ́ sọ ọ́.

Ayọ̀dèjì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Bó bá jẹ́ pé ó ń bú Ràsáàkì ni, ìbínú ì bá rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n "Bàbá, ẹ kú àárọ̀" ló ń kí i, "Bàbá, ẹ ṣeun" ló ń kí i. Owú ń jẹ Ràsáàkì bí kòkòrò ṣe ń jẹ iṣu láti inú, tí èèpo rẹ̀ ṣì ń dán.

Sàrátù, ìyàwó rẹ̀, rí i.

"Bàbá Àwáwù, ẹ jẹun. Ọbẹ̀ ti tutù."

"Ìyá kan wá lónìí. Mo ní ibà ni. Wọn ò dá mi lóhùn. Ọmọ yẹn wo inú awò rẹ̀ tó ń sọ kékeré di ńlá, ó ní ibà ni. Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ń dúpẹ́."

Sàrátù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá ń ṣe bí ìyálé tí wọ́n gbé ìyàwó tuntun wọlé bá. Ẹ kúkú wé gèlè."

Ràsáàkì kò rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kìíní ọdún 1981, lẹ́tà dé láti Ìbàdàn. Àwọn ìgbìmọ̀ kan tó ń yẹ àwọn ilé àyẹ̀wò wò ń bọ̀. Bí wọ́n bá rí i pé iṣẹ́ ibẹ̀ péye, wọ́n á fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Bí kò bá péye, wọ́n á fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ á sì padà síbi tó ti wá. Ayọ̀dèjì ka lẹ́tà náà sókè. Ràsáàkì kò gbọ́ ti àgádágodo. "Padà síbi tó ti wá" nìkan ló wọ etí rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n dé. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà débi pé oòrùn funfun bí òṣùpá. Àwọn èèyàn ìlú ti fún wọn lórúkọ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀: wolé-wolé ẹ̀jẹ̀. Méjì ni wọ́n. Àgbà tó wà nínú wọn ń jẹ́ Ìyápọ̀, ó gùn, ó tín-ín-rín, ó ń wo nǹkan láti òkè awò ojú rẹ̀. Èkejì ń jẹ́ Mọ́nsúrù, òun ló gbé fúláàsì ńlá kan lọ́wọ́, kò sì gbé e kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n wo ibi gbogbo. Wọ́n wo ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí. Wọ́n fi ìka nu ojú fèrèsé. Ìyápọ̀ ṣí fíríìjì oníkẹrosíìnì tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ sí, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fa nǹkan kan yọ tí wọ́n fi ewé wé.

"Ta ló ni obì nínú fíríìjì ẹ̀jẹ̀?"

Ayọ̀dèjì yíjú.

"Ẹ má bínú, sà. Lébìrà wa ni. A ó kìlọ̀ fún un."

Ìyápọ̀ wo Ràsáàkì láti òkè awò rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ká bá yín yẹ obì náà wò, ká lè mọ̀ bóyá A ni tàbí B?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ayọ̀dèjì náà rẹ́rìn-ín. Ràsáàkì dúró pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Lébìrà wa. Ọdún mẹ́tàdínlógún.

Mọ́nsúrù wá ṣí fúláàsì náà. Omi dídì ló kún inú rẹ̀. Ó mú ìgò kékeré kan jáde, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà 47 nìkan ló wà lára rẹ̀. Ìyápọ̀ fa àpò ìwé kan yọ, wọ́n fi ìda pupa lẹ ẹnu rẹ̀.

"Ìdánwò yín rèé," ó ní. "Ẹ ó sọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìgò yìí fún wa. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àpò ìwé yìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn. Èmi pàápàá kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí a bá dé láti ìrun Jímọ̀, tí a jẹun tán, a ó ṣí i ní aago mẹ́rin. Bí ẹ bá gbà á, ẹ gba ìwé-ẹ̀rí. Bí ẹ bá ṣì í, a ó ti ilẹ̀kùn kí a tó lọ."

Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ lórí tábìlì. Ràsáàkì sún mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá pílásítà.

"Ọ̀gá, ṣé kí n kọ Àjèjì sí i lára?"

"Kí ni?" Ìyápọ̀ bi í.

"Kò lórúkọ, sà. Ọ̀gá wa àtijọ́ ní..."

Ẹ̀rín ti gba ẹnu Ayọ̀dèjì. "Bàbá, nọ́ńbà lorúkọ rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?" Ràsáàkì béèrè.

Ìyápọ̀ àti Mọ́nsúrù wo ara wọn. Ẹ̀rín tó wà lójú wọn lọ díẹ̀.

"Wọn kì í sọ fún wa," Mọ́nsúrù dáhùn.

Wọ́n lọ kírun. Ìlú lọ kírun. Ayọ̀dèjì, tí kì í ṣe mùsùlùmí, ní òun fẹ́ lọ gbé oúnjẹ àwọn àlejò wá láti ilé, nítorí Fadékẹ́, ìyàwó òun, wà nínú oyún oṣù kẹjọ, kò lè ru abọ́ wá.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ní lọ sí Jímọ̀?"

"Màá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ bá mi ṣọ́ ọ, mi ò ní pẹ́."

Ràsáàkì nìkan ló kù. Àwọn adìyẹ tó ń jẹ̀ nídìí dóńgóyárò dákẹ́. Afẹ́fẹ́ dúró. Ìlú tó wà lójú ìrun kì í dún; ẹni tó bá ti wà nínú rẹ̀ láìkírun rí ló mọ̀ ọ́n. Ó wo ìgò náà. Ó mú un.

Ó gbóná.

Inú omi dídì ló ti jáde, ó sì gbóná, bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lápá ẹni tó ń sáré. Ó fẹ́ gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ọmọ yẹn tó mọ̀ ọ́n. Ó ṣí ìgò náà. Ó kán ẹ̀jẹ̀ sí ojú méjì lórí àwo funfun, ó kán búlúù, ó kán yẹ́lò, ó ń mì ín. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú búlúù ṣù jọ. Èyí tó wà nínú yẹ́lò kò ṣù. A ni.

Ó tún un ṣe. A ni.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti yege ìdánwò Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Kò ní sí ẹni tó máa mọ̀. Lágogo mẹ́rin, ọmọ yẹn á sọ pé A ni, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á gbé ìwé-ẹ̀rí kejì kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ibi tí ẹ̀rín yẹn ti kú sí i lẹ́nu ni owú náà ti dìde.

Kò ronú pẹ́. Ó jáde, ó da ẹ̀jẹ̀ inú ìgò náà sídìí dóńgóyárò. Ó padà wọlé, ó fọ ìgò, ó fi omi tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú rẹ̀. Ó fi eyín fa okùn rọ́bà mọ́ apá ara rẹ̀, ó gún un, ó fa ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. O. Ẹ̀jẹ̀ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dà á sínú ìgò nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó dé e. Ọmọ yẹn á pè é ní O. Ìwé Ìbàdàn á ní A. Ó parí.

Bó ṣe ń fọ àwo funfun náà, ó gbọ́ ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ tó fa èémí sínú, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ó yíjú. Kò sẹ́nì kan.

Ó wo ìta lójú fèrèsé. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sídìí igi, ilẹ̀ kò tíì fà á mu. Ó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ nígbà ọyẹ́, ó ń dán. Àwọn èèrà tò dé ẹ̀bá rẹ̀, wọ́n sì yà.

Ní aago mẹ́ta Ayọ̀dèjì yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí oníṣọ̀ọ́ra ni. Ó kọ O sínú ìwé. Ràsáàkì ń gbálẹ̀ ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ní aago mẹ́rin, wọ́n dúró yí tábìlì ká. Ìyápọ̀ gba ìwé Ayọ̀dèjì. Ó já ìda pupa náà. Ó fa ìwé inú rẹ̀ jáde, ó sún un mọ́ ojú. Ràsáàkì ti gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa.

"O," Ìyápọ̀ kà á. "Ẹ kú oríire, ọ̀dọ́mọkùnrin."

Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mọ́nsúrù pàtẹ́wọ́. Ràsáàkì na ọrùn, ó rí ìwé náà. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wà lókè rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàrin rẹ̀, ó rí róbótó. Mọ́nsúrù gbé ìgò náà padà sínú omi dídì, ó dé fúláàsì, wọ́n lọ.

"Bàbá," Ayọ̀dèjì ní, "ẹ kú oríire. Gbogbo wa la ni ín."

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá," Ràsáàkì dáhùn. Ètè rẹ̀ tutù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí Ayọ̀dèjì tó dé, ó gún ìka ara rẹ̀. Ó kán an sí ojú méjì. Ó mì ín.

Ó ṣù jọ nínú búlúù.

Ó gún ìka mìíràn. Ó ṣí oògùn tuntun. Ó mú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan tó mọ̀ dájú pé B ni, ó fi dán oògùn náà wò, B ló sì jẹ́. Ó tún padà sórí tirẹ̀. A. Ó gbójú sókè wo pátákó. RÀSÁÀKÌ, O. Ẹfun náà kò yí padà.

Ta ni yóò sọ fún? Bó bá ní ẹ̀jẹ̀ òun ti yí, wọ́n á ní kó lọ sùn. Bó bá sọ bó ṣe mọ̀, iṣẹ́ lọ, ilẹ̀kùn sì tì. Ó pa á mọ́nú. Àwọn nǹkan kéékèèké ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀fọn kì í jẹ ẹ́ mọ́. Sàrátù á pe "Bàbá Àwáwù" lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí Ràsáàkì tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

"Ara yín tutù," Sàrátù ní lọ́jọ́ kan.

"Ọyẹ́ ni."

Ìwé-ẹ̀rí dé láti Ìbàdàn nínú gíláàsì. Àwọn èèyàn wá kí Ayọ̀dèjì. Dókítà àgbà ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ lábẹ́ ìwé-ẹ̀rí náà. Ràsáàkì ń nu gíláàsì náà láràárọ̀, òun nìkan ló sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ló gbà á, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ní Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Fadékẹ́ bímọ. Oṣù rẹ̀ kò tíì pé dáadáa. Obìnrin ló bí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá.

Ayọ̀dèjì sáré wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ wà lára aṣọ funfun náà, ó ti bo òwú pupa tí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Fadékẹ́ wò. O ni. Ẹni tó bá ní O, O nìkan ló lè gbà. Òmíràn á pa á. Orúkọ méjì péré ló ní O lórí pátákó: Ràsáàkì, àti Isaac awakọ̀ ilé ìwòsàn. Isaac sì ti lọ sí Ìṣẹ́yìn láti ìdájí, ó lọ ra kẹrosíìnì. Nọ́ọ̀sì ti rán ẹnì kan lọ lórí alùpùpù láti pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè."

"Ọ̀gá..."

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

Ràsáàkì dùbúlẹ̀. Ayọ̀dèjì ti ń so rọ́bà mọ́ ọn lápá.

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò? Ẹ̀jẹ̀ yín? Gbogbo ìlú yìí ló mọ ẹ̀jẹ̀ yín!"

Láti ọjọ́ tí Ayọ̀dèjì ti dé ni Ràsáàkì ti ń retí irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ó dé wàyí.

Ó wo pátákó. Ó wo ìwé-ẹ̀rí inú gíláàsì. Kò ní jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀. Pátákó ló sọ pé O ni. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ pé kò sídìí àyẹ̀wò. Fadékẹ́ á lọ, ọmọ yẹn á káṣọ rẹ̀ padà síbi tó ti wá, àga Ọ̀jẹ̀túndé á ṣófo. Owú náà kò pariwo. Ó kàn jókòó ti Ràsáàkì lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n pẹ́.

Abẹ́rẹ́ kan awọ ara rẹ̀.

Nínú yàrá kejì, ọmọ tuntun náà ké.

Ràsáàkì fa apá rẹ̀ gbà.

"Ayọ̀dèjì," ó ní. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ọmọ mi. Yẹ̀ ẹ́ wò."

"Àkókò ò sí!"

"Mo ní kí o yẹ̀ ẹ́ wò."

Nǹkan kan wà nínú ohùn náà. Ayọ̀dèjì gún un níka, ó kán an sí àwo funfun, ó kán búlúù, ó kán yẹ́lò. Ẹ̀jẹ̀ náà dì nínú búlúù lójú ẹsẹ̀, bí wàrà àwọn Fúlàní.

Ayọ̀dèjì wo àwo, ó wo ìka, ó wo ojú Ràsáàkì.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni èyí?"

Ràsáàkì ya ẹnu. Ó fẹ́ jẹ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe èyí tó pèsè.

"Wọn kì í sọ fún wa."

Ayọ̀dèjì fà sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri.

Ìró ọkọ̀ ni wọ́n gbọ́ lẹ́yìn náà. Ẹni tó gun alùpùpù ti pàdé Isaac nítòsí. Ó wọlé, ó ń rùn kẹrosíìnì, ó ti ń ká ọwọ́ aṣọ.

"Ẹ rọra fà á o," Isaac ní, "kó má gbiná."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ayọ̀dèjì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó fà á. Kó tó di ọ̀sán, Fadékẹ́ la ojú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ayọ̀dèjì mú àkísà tútù, ó lọ sídìí pátákó, ó nu O tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Ràsáàkì kúrò. Ó mú ẹfun. Ó dúró pẹ́. Ó gbé ẹfun náà sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Kò bi Ràsáàkì léèrè ọ̀rọ̀ náà mọ́. Bóyá ó wo ìwé-ẹ̀rí inú gíláàsì, tí ó rò ó dé ibi kan tí kò fẹ́ dé, mi ò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ mú nǹkan lọ́wọ́ Ràsáàkì, á ní kó gbé e kalẹ̀ ná.

Ọyẹ́ tún dé. Wolé-wolé ẹ̀jẹ̀ náà tún dé. Ràsáàkì ti yọ obì kúrò nínú fíríìjì láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Mọ́nsúrù ṣí fúláàsì, ó gbé ìgò kan jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nọ́ńbà 47.

"Èyí kì í ṣe ìdánwò yín," Ìyápọ̀ ní. "Ẹ ti yege. A kàn ní ká fi hàn yín ni. Ẹ̀jẹ̀ kì í lò ju oṣù kan lọ kó tó bàjẹ́. Èyí ti pé ọdún kan. A ti gbé e dé Ìgbẹ́tì, a ti gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́. Kò dì, kò rùn, kò yí padà. Ní Ìbàdàn, yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n fún un. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá wò ó."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ayọ̀dèjì kò wo ìgò náà. Ojú Ràsáàkì ló ń wò. Ràsáàkì sì wo ìgò. Ẹ̀jẹ̀ náà pupa, ó mọ́, ó lẹ́wà.

Ó gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ṣé mo lè gbé e lọ́wọ́ díẹ̀?"

"Rárá o, Bàbá," Ìyápọ̀ dáhùn pẹ̀lú sùúrù. "Ẹni tó bá ní ìwé-ẹ̀rí nìkan ló ń fọwọ́ kàn án."

Ó gbé e fún Ayọ̀dèjì. Ràsáàkì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí àwọn ìka yẹn ṣe di ìgò náà mú. Ó ti jowú nínú ayé rẹ̀. Ó ti jowú àga, ó ti jowú aṣọ, ó ti jowú ìkíni àwọn obìnrin lọ́jà. Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò jowú ẹ̀jẹ̀ ara òun.

Nígbà tí wọ́n lọ, ó gba ẹ̀yìn ilé. Ilẹ̀ ìdí dóńgóyárò ti sán nítorí ọyẹ́, àfi ojú kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ibẹ̀ ṣì tutù. Ó fi ìka kàn án. Ó gbóná.

Ó gé pílásítà. Ó kọ ÀJÈJÌ sí i, jẹ́jẹ́, bí Ọ̀jẹ̀túndé ṣe kọ́ ọ. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì, kò rí ìgò tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá ara rẹ̀, níbi tó ti fa ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó sì gba ilé lọ.

Sàrátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i lókèèrè, ó pè é.

"Bàbá Àwáwù! Ẹ kú àbọ̀!"

Ó gbọ́ ọ. Ó yíjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, láti mọ ẹni tí wọ́n ń kí.